Ibi Tí Levander Kọjú Sí

Inú bí mi lọ́dún kan débi pé mo gbé ṣọ́bìrì lọ sí itẹ́ òkú ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ìjọ, kí n lè lọ hú àbúrò mi tí wọ́n ti sin. Mi ò ní tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ jókòó kó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Levander ni orúkọ àbúrò mi. Apẹja ni, ìjàpá òkun ló sì mọ̀ ọ́n pa jù. Ó kú lóṣù Kejì, ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ tó di òtútù àyà. Ọjọ́ kejì la sin ín, òjò ń rọ̀ bí ẹni máa ya ilẹ̀, kálukú ń kánjú, orin tá a kọ pàápàá kò dé ẹsẹ tó kẹ́yìn.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tó ń yan ibi tí wọ́n máa sin òun sí. Àwọn míṣọ́nnárì tó kọ́kọ́ dé èbúté yìí ló fi ètò náà lélẹ̀, a ò sì yí i padà: ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, bí ẹ bá ṣe ń kú tẹ̀lé ara yín ni wọ́n máa tẹ́ yín tẹ̀lé ara yín. Sàréè olówó kò gbọ́dọ̀ ga ju ti tálákà lọ. Ìlà àkọ́kọ́ wà létí òkun, àwọn ìlà yòókù ń bọ̀ wá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ sápá ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo òkú ló sì na ẹsẹ̀ sí ìlà-oòrùn, síbi tí òkun wà, torí ibẹ̀ la gbà pé Olúwa máa gbà dé. Lọ́jọ́ tí ìpè bá dún, tí kálukú bá dìde jókòó, ojú Jésù ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Àwọn pásítọ̀ méjì tó kú sọ́dọ̀ wa láyé àtijọ́ nìkan ni wọ́n sin ní òdìkejì. Àwọn na ẹsẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n lè jí kí wọ́n kọjú sí agbo wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lórí àga ìwàásù.

Ní Mọ́ńdè tó ṣáájú Àjíǹde, mo lọ ra edé ní èbúté. Verlene, ọmọ Alàgbà Hosmer, wà níbẹ̀, ó ń ha ìpẹ́ ẹja. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mísì Ardith, ṣé òótọ́ lohun tí mo gbọ́? Wọ́n ní Levander kẹ̀yìn sí Jésù nínú sàréè."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gadsby káfíńtà mà ni. Ó mutí yó lánàá, ó ní òun tóun kan pósí mọ orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀, pé orí ló wà níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà." Ó ju ẹja sínú báàfù. "Ọkùnrin yẹn mà le o! Ó wà láyé, kò gbọ́ràn. Ó kú tán, kò gbọ́ràn."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé edé, mo gbàgbé agbọ̀n mi síbẹ̀.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ẹ̀rín yẹn fi dùn mí wọ eegun, ẹ ní láti mọ ọ̀rọ̀ páànù. Lọ́dún tí ìjì ńlá ṣí ilé wa lórí, àwọn ará ìjọ wa ní ìlú Bluefields kó páànù ránṣẹ́ sí wa. Alàgbà Hosmer dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó ní ilé Mísì Euna ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn, torí opó ni, kò sì lọ́mọ. Ó ṣèlérí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa. Oṣù mẹ́ta kọjá, ilé ìdáná tuntun yọ lẹ́yìn ilé Alàgbà, páànù orí rẹ̀ ń dán yinrin. Tàpólì ni Mísì Euna fi bo orí ilé tirẹ̀. Gbogbo wa rí i. Gbogbo wa lọ sílé, a fọwọ́ mẹ́nu, èmi náà wà níbẹ̀. Levander nìkan ló dìde láàárín ìjọ.

"Alàgbà," ó ní, "ẹ ṣèlérí, ẹ ò mú un ṣẹ. Irọ́ lẹ pa."

Wọ́n ní ó pe alàgbà ní òpùrọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí oúnjẹ Olúwa, wọ́n sì fún un ní bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ní láti máa jókòó síbẹ̀ títí tó fi máa tọrọ àforíjì. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi jókòó síbẹ̀. Ìsinmi kan ò kọjá kó má wá, àfi tó bá wà lójú òkun. Òjò a máa fẹ́ lù ú lára níbẹ̀, síbẹ̀ Levander a máa kọrin pẹ̀lú wa, ohùn rẹ̀ a tilẹ̀ borí ti gbogbo wa tó bá di orin pé Olúwa ń padà bọ̀. Mísì Euna kú sábẹ́ tàpólì yẹn lọ́dún kẹjọ. Nígbà tí Levander alára ń kú lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní búrẹ́dì àti wáìnì. Alàgbà Hosmer wá dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Sọ pé o jẹ̀bi." Àbúrò mi yíjú sí ògiri. Kò rí búrẹ́dì, kò rí wáìnì, bó ṣe kú nìyẹn.

Ẹ wá sọ fún mi, nínú àwọn méjèèjì, ta ló kẹ̀yìn sí Jésù?

Láti èbúté, ilé iṣẹ́ Gadsby ni mo gbà lọ tààrà. Ó ń fi randa bó pákó. Bó ṣe rí mi ló dúró.

"Gadsby, ṣé o rántí pé mo ti nà ọ́ rí nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ?"

"Mo rántí, mà."

"Agbára yẹn ṣì wà lápá mi. Báwo ni àbúrò mi ṣe dùbúlẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Orí rẹ̀ ló wà lápá òkun, mà."

"Ìwọ lo kan pósí náà, o rí i, o ò sọ̀rọ̀?"

"Òjò pọ̀ lọ́jọ́ náà, mà."

"Òjò! Ṣé òjò ló di ẹnu rẹ ni?"

Kò gbójú sókè mọ́. Pósí náà gùn gbọọrọ ni lóòótọ́, orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, torí pákó kò tó láti fi ṣe èyí tó ní èjìká, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ lẹ́yìn ẹni tó kàn án. Mo rò pé ìtìjú ló ń bá a jà. Mo ṣépè fún un díẹ̀, mo kọrí sílé pásítọ̀.

Pásítọ̀ Ansel ò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin ni, Bluefields ni wọ́n ti rán an wá, ó gbọ́n lójú ìwé, ó sì máa ń kí èèyàn dáadáa. Alàgbà Hosmer wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n jọ ń mu kọfí. Kí n tó jókòó ni mo ti sọ ohun tó gbé mi wá.

"Ẹ bá mi hú u, ẹ yí i padà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tó di àárọ̀ Àjíǹde."

Ẹ mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí oòrùn tó yọ, gbogbo ìjọ ló máa ń dúró láàárín àwọn sàréè, àtàwọn tó ń fun fèrè, a máa ń kọjú sókun a sì máa ń kọrin, àwa àtàwọn òkú wa, gbogbo wa ń wo ibì kan náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níbẹ̀ kí àbúrò mi nìkan kẹ̀yìn sókun?

Pásítọ̀ gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Mísì Ardith, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó máa pè é látinú iyẹ̀pẹ̀, ṣé kò ní lè yí i padà ni? Ìlérí Rẹ̀ la gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ nà sí."

"Ọ̀rọ̀ gidi," ni Hosmer wí, ó mi orí.

Ọ̀rọ̀ gidi ni lóòótọ́. Ohun tó bí mi nínú ni ẹni tó ń mi orí sí i. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà yẹn, a sin àbúrò Hosmer, pósí rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sápá òsì, kò tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi okùn fà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gún sí ìlà-oòrùn gangan. A kọ orin kan náà tán nígbà mẹ́ta ká tó sin ín tán.

Mo sọ ọ́. Mo ní, "Alàgbà, ti àbúrò yín ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ Olúwa nìyẹn. Ti Levander, ibi tó bá ti kọjú sí náà ni kó máa wò." Ó gbé ife rẹ̀, ó mu ún gbẹ. "Wọn kì í sì í hú òkú nítorí agídí obìnrin."

Mo sunkún dé ilé, ẹkún ìbínú sì ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi ń rí i lójú ara mi: gbogbo ayé ń kí Olúwa káàbọ̀, àbúrò mi jókòó síbẹ̀ tó ń wo igi àgbọn, kò mọ̀ pé Ó ti dé. Mi ò lè jẹun. Delmira, ìyàwó Levander, gbé ọbẹ̀ ẹja alágbọn wá fún mi lójoojúmọ́, a máa wò mí, kò ní sọ nǹkan kan.

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, gbogbo abúlé máa ń lọ kun sàréè ní ẹfun. Ẹ máa bá àwọn èèyàn níbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti korobá, búrẹ́dì alágbọn wà nínú agbọ̀n, omi atalẹ̀ wà nínú ìkòkò, kálukú ń bá òkú tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi gbé ṣọ́bìrì lọ. Mo rìn kọjá láàárín wọn, mo dé ìdí Levander, mo ti irin náà bọlẹ̀.

Ìgbà tí mo da iyẹ̀pẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe.

"Mísì Ardith! Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn o!"

"Ẹ lọ pe Pásítọ̀!"

"Ẹ pe gbogbo Bluefields wá," mo ní, mò ń gbẹ́ lọ. "Ẹni tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kó mú ọkọ́ wá. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó yà fún mi."

Pásítọ̀ sáré dé, ẹfun ti kún ọwọ́ rẹ̀. Hosmer wà lórí àga lábẹ́ igi, kò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti gbẹ́ ẹ dé orúnkún nígbà tí Delmira kọjá láti apá àwọn obìnrin, ó bọ́ sínú kòtò náà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró."

"Delmira, kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti ọkọ ẹ sílẹ̀ bí ẹni ti ẹrù, o wà níbẹ̀ o ò sọ̀rọ̀!"

"Kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe. Èmi ni mo ní kí Gadsby gbé e bẹ́ẹ̀."

Mo rò pé ìbànújẹ́ ti gba orí rẹ̀. "Ìwọ?"

"Òun ló ní kí n ṣe é. Ọjọ́ tí Alàgbà wá dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tó lọ tán, ó pè mí." Delmira kò pariwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́. "Ó ní, 'Jésù ní òun ń bọ̀. Jésù kì í ṣe Hosmer. Èmi ò ní láti máa ṣọ́nà wò bóyá ó máa mú un ṣẹ. Ó máa dé, Ó máa pe orúkọ mi, ì báà jẹ́ láti ẹ̀yìn mi ló ti pè é, màá gbọ́, màá dáhùn. Àwọn tó ṣèlérí fún Euna tí wọn ò mú un ṣẹ ni mo fẹ́ máa wò. Ẹ kọjú mi sí wọn. Àgbà ni wọ́n, wọ́n ń bọ̀ wá bá mi.' Ohun tó wí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo fi ṣọ́bìrì náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú tún bí mi, ó bí mi sí Delmira ju bó ṣe bí mi sí ẹnikẹ́ni lọ.

"O mọ èyí, o sì ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi lójoojúmọ́, ò ń wò mí tí mò ń kú lọ! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ó ní kí n má sọ. Ó ní ẹ ò lè pa ẹnu mọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mi ò lè jiyàn rẹ̀, ẹ ṣáà rí i pé mò ń sọ ọ́ fún yín báyìí.

Mo dúró sínú kòtò yẹn, ojú sì tì mí gan-an. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń kọrin pé mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Rẹ̀, ìdí wíńdò ni mo sì ń jókòó sí, níbi tí òjò ò dé. Ẹni tí wọ́n lé sẹ́nu ọ̀nà gba Olúwa gbọ́ débi pé ó lè kẹ̀yìn sí I, kó sì sùn. Èmi gbé ṣọ́bìrì wá, kí n lè bá Ọlọ́run ṣe é torí mo rò pé Ó máa gbàgbé. Mo ti fi Olúwa ṣe Hosmer. Bí ẹ bá ní kí n bínú sí ara mi nígbà yẹn, mo ti ń bínú sí i.

Ìgbà náà ni Hosmer dìde.

"Ẹ hú u!" Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí wa. "Ẹ hú u jáde nísinsìnyí! Pásítọ̀ nìkan ni wọ́n ń sin bẹ́ẹ̀. Ta ni Levander, tó fẹ́ jókòó kọjú sí ìjọ bí olùṣọ́ àgùntàn? Ẹni tí kò jẹ oúnjẹ Olúwa! Ẹ yí i padà bó ṣe yẹ!"

Ẹ gbọ́ mi o. Ọkùnrin tó mu kọfí lé ìbànújẹ́ mi lórí ní Mọ́ńdè ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo gòkè látinú kòtò, mo fa Delmira jáde, mo dúró sórí sàréè àbúrò mi, mo di ṣọ́bìrì náà mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Alàgbà, ní Mọ́ńdè Pásítọ̀ ní ìlérí la gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ nà sí. Ẹ ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Òní Sátidé, ẹsẹ̀ ti wá di nǹkan?"

"Má bá mi jiyàn! Verlene, pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, kí wọ́n gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí wọ́n wá gbà á," mo ní. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, ó máa gbé àmì rẹ̀ lọ sílé."

Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Abẹ́ páànù yẹn làwọn náà ti ń jẹun láti ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Verlene wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Gbogbo wa wo Pásítọ̀. Ó ń nu ẹfun lọ́wọ́, ó nu ún pẹ́. Mo rò pé ó máa wá ọ̀rọ̀ rírọ̀ kan tó máa tẹ́ kálukú lọ́rùn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nílé ìwé.

"Alàgbà," ó ní, "ohun tí mo sọ ní Mọ́ńdè, mo sọ ọ́ fún Mísì Ardith nígbà tó dùn ún. Mi ò lè kó o jẹ nítorí pé ó ti wá ń dun ẹ̀yin. Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀ bó ṣe wà."

Hosmer yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó ń wo koríko tó wà níwọ̀-oòrùn Levander, apá tó súnmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa náà wá wò ó. Levander ló kẹ́yìn nínú ìlà tirẹ̀, ìlà ti kún. Ọkùnrin tó bá kú tẹ̀ lé e ló máa bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun lórí koríko yẹn, lódìkejì rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, ojú sí ojú. Kò sì sí ọkùnrin tó dàgbà tó Hosmer ní abúlé wa. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni.

Ó rọra jókòó padà. Ohùn tó fi pè mí, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ardith. Bí mo bá dìde jókòó, tí Levander sì ń wò mí. Kí ni kí n sọ fún un?"

Delmira fọwọ́ tọ́ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n tu bàbá arúgbó nínú, Pásítọ̀ ń fojú bẹ̀ mí. Inú mi ò sì tíì rọ̀.

"Ọdún mẹ́rìnlá lẹ fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé," mo ní. "Gbogbo Ìsinmi ló wà níbẹ̀, ẹ ò bi í. Ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ẹ máa sọ, Alàgbà. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ kò purọ́ fún wa rí."